Fanákúlà: Ohun Tí Ìjìyà Yẹn Gbà Lẹ́nu Mi

Bí ọmọ yín bá ti ilé-ìwé dé tó ní tíṣà sọ pé òun ò gbọ́dọ̀ sọ fanákúlà, ìyẹn èdè ìyá rẹ̀, mọ́, ẹ má fi rẹ́rìn-ín, ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Nọ́ọ̀sì ni mí. Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ti kàwé ní nǹkan bí ọdún 1980 sókè. Yorùbá ni bàbá mi, Yorùbá ni ìyá mi, síbẹ̀ mo dàgbà, mo gboyè, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, n kò lè fi Yorùbá kọ lẹ́tà kan ṣoṣo tó já gaara. Kò ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ìjìyà ló fà á, orúkọ ìjìyà náà sì ni mo wá tú wò nígbà tí mo dàgbà. Mo fẹ́ sọ bó ṣe rí àti ohun tó ràn mí lọ́wọ́, kí ọmọ ẹlòmíràn má baà gba ọ̀nà tí mo gbà.

Ilé-ìwé aládàáni kan ni àwọn òbí mi fi mí sí. Owó rẹ̀ wọ́n, wọ́n sì ń fún ìgbànú mọ́ ikùn kí wọ́n tó rí i san. Òfin àkọ́kọ́ tí a gbọ́ ní kíláàsì ni pé a ò gbọ́dọ̀ sọ fanákúlà. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé èdè wa ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Àwa mọ̀ ọ́n bí a ṣe mọ olè jíjà, irọ́ pípa àti ariwo: orúkọ ẹ̀ṣẹ̀ ni. Mọ́nítọ̀ ní ìwé kékeré kan lọ́wọ́. Ojú ewé kan wà fún àwọn aláriwo, èkejì wà fún àwọn tó sọ fanákúlà. Tó bá di ọjọ́ Ẹtì, tíṣà á pe orúkọ, ẹni tó bá gbọ́ tirẹ̀ á jáde síwájú. Nígbà mìíràn ẹgba ni. Nígbà mìíràn a ó kúnlẹ̀, a ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè títí apá á fi máa gbọ̀n.

Ṣùgbọ́n èyí tó burú jù nínú gbogbo rẹ̀ ni páálí. Ara páálí mílíìkì ni wọ́n ti gé e, wọ́n lu ihò méjì sí i lókè, wọ́n ki okùn bọ̀ ọ́. Wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ sí i gàdàgbà pé ẹni tó gbé e kọ́rùn ń sọ fanákúlà. Ẹni tí wọ́n bá kọ́kọ́ gbọ́ Yorùbá lẹ́nu rẹ̀ láàárọ̀ ni yóò gbé e kọ́rùn. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló sì fi lè bọ́ ọ: kó gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ẹlòmíràn. Ẹni tó bá wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí agogo ìkẹyìn bá lù ló máa jẹ ẹgba ọjọ́ yẹn.

Ẹ wo ohun tí irú òfin bẹ́ẹ̀ ń sọ ọmọdé dà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, a tò sídìí ẹ̀rọ omi. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń jókòó lórí bẹ́ńṣì kan náà ni páálí wà lọ́rùn rẹ̀. Ó sún mọ́ mi, mo rò pé ó fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ ni. Ó fi gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀ tẹ ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi, ó sì ki gbogbo ara bọ̀ ọ́. Mo figbe ta: "Yéè! Ìyá mi o!" Kí n tó pa ẹnu dé, ó ti ń bọ́ okùn lọ́rùn. Kò wò mí lójú. Ó ń sunkún bó ṣe ń fi í kọ́ mi lọ́rùn, okùn náà sì tutù fún òógùn rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, èmi náà ti ń wá ẹsẹ̀ tí mo máa tẹ̀.

Mo ti ronú sí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Ẹni tí nǹkan bá dùn kì í yan èdè kó tó ké. Ohun tí wọ́n ń fìyà jẹ wá lé lórí, òun lohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa tí a bá ń ké pe ìyá wa.

Àwọn tíṣà náà gbà tọkàntọkàn pé bí a ṣe máa gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn, n kò sì rò pé ìkà ló ń ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tí èmi kọ́ ní ìdí páálí kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Dídákẹ́ ni. Bí n kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ kan lédè Gẹ̀ẹ́sì, n kò ní sọ ọ́ rárá. Tí tíṣà bá béèrè ìbéèrè tí mo mọ ìdáhùn rẹ̀ ketekete ní Yorùbá, ńṣe ni mo máa dorí kodò. Wọ́n kọ ọ́ sínú káàdì èsì mi pé ọmọ jẹ́jẹ́ ni mí. Inú àwọn òbí mi dùn sí i.

Ilé náà yí padà. Bí ìyá mi bá fi Yorùbá bá mi sọ̀rọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń dá a lóhùn, bàbá mi á sì pe àlejò kó wá gbọ́. Ìgbà tí ìyá bàbá mi wá lo oṣù díẹ̀ lọ́dọ̀ wa ni mo rí apá kejì rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò yé mi nígbà náà. Láàárọ̀, tí mo bá kúnlẹ̀ kí i, á fọwọ́ lé mi lórí, á máa kì mí, á gbé oríkì náà láti orí bàbá ńlá kan dé orí òmíràn. N kò mọ ohun tó ń sọ. Mo máa ń wojú aago kí mọ́tò ilé-ìwé má baà fi mí sílẹ̀. Tí mo bá sọ̀rọ̀, á yíjú sí ìyá mi, á ní, "Kí ló wí?" Nínú ilé ọmọ tó bí, ó ń wá ògbufọ̀ láàárín òun àti ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ó ti kú kí n tó dàgbà tó ẹni tó lè ní kó kì mí lẹ́ẹ̀kan sí i kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kò sì sí ẹlòmíràn nílé wa tó mọ̀ ọ́n délẹ̀ bíi tirẹ̀.

Ní sẹ́kọ́ńdírì, mo fi Yorùbá sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ní ká yan iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe. Gbogbo wa la gbà pé àwọn tí orí wọn ò pé ló ń ṣe é. Mo lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì.

Ọsibítù ni gbèsè náà ti wá béèrè ara rẹ̀. Aláìsàn kì í sọ pé nǹkan ń dun òun, kó parí síbẹ̀. Á ní orí ń fọ́. Inú ń run. Ẹ̀yìn ń ro. Ìhà ń gún. Ojú ọgbẹ́ ń ta. Iṣan ń fà. Àyà ń já, òòyì sì ń kọ́ni. Ìyá àgbàlagbà tó bá ní ìhà ń gún òun kò sọ ohun kan náà pẹ̀lú ẹni tó ní ìhà ń ro òun, dókítà tó sì gbọ́ ìyàtọ̀ yẹn ti mọ ibi tó máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Nínú fáìlì tèmi, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo ni mo fi ń kọ gbogbo wọn. Mo rí i pé àwọn ìyá náà máa ń yí ọ̀rọ̀ wọn po lójú mi, wọ́n á wá ọ̀rọ̀ tó rọrùn, bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀, kí n lè gbọ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n gbé bàbá kan wá sí wọ́ọ̀dù wa. Ikọ́ ń ṣe é, ó sì ti rù. Ọmọ rẹ̀ tó ń tọ́jú rẹ̀ nílé kò lè dúró, ó kọ ìwé pélébé kan sílẹ̀ fún wa, kò fi àmì ohùn kankan sí i: "Oogun n po lara baba loru." Mo kà á sí oògùn. Mo kọ ọ́ sínú fáìlì pé wọ́n ti ń fún bàbá ní oògùn tó pọ̀ nílé, mo sì ń bi bàbá náà bóyá àgbo ni tàbí ti kẹ́mísìtì. Bàbá ń wò mí ṣáá. Ọ̀gá wa nọ́ọ̀sì tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi láàárọ̀ mú ìwé náà, ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Òógùn ni. Bàbá ń làágùn lóru." Ẹni tí ikọ́ ń ṣe, tó rù, tó sì ń làágùn lóru, ikọ́ ife lèèyàn á kọ́kọ́ fura sí. Wọ́n gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò lójú ẹsẹ̀.

Mo lè sọ pé ẹni tó kọ ìwé ni kò fi àmì sí i. Òótọ́ ni, àmì ohùn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́ Yorùbá kò nílò àmì kankan níbẹ̀, nítorí oògùn kì í pọ̀ lára èèyàn. Òógùn ló ń pọ̀ lára. Ọ̀gá wa kò bú mi. Ó jókòó tì mí nígbà tí a ṣíwọ́, ó ní, "Ọmọ mi, ta ló gba Yorùbá lẹ́nu rẹ?" N kò rí èsì fọ̀. Lálẹ́ yẹn ni mo ṣí ìwé atúmọ̀ èdè, mo wá ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sára páálí.

Vernacular ni wọ́n ń kọ fanákúlà lédè Gẹ̀ẹ́sì, inú èdè Látìnì ni wọ́n sì ti mú un wá. Verna ni àwọn ará Róòmù ń pe ẹrú tí wọ́n bí sínú ilé olówó rẹ̀, kì í ṣe èyí tí wọ́n rà lọ́jà. Láti ara rẹ̀ ni wọ́n ti yọ vernaculus, ìyẹn nǹkan tilé, nǹkan ìbílẹ̀. Ara mi kọ́kọ́ bù máṣọ. Ẹrú? Lọ́rùn ọmọ kékeré? Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń kà á lọ, mo rí i pé kò yẹ kí n dúró síbẹ̀, nítorí àwọn ará Róòmù kò fi bú ẹnikẹ́ni nígbà tí wọ́n bá lò ó fún èdè. Wọ́n lò ó fún Látìnì tiwọn gan-an, èdè tí a bí wọn bá. Ọ̀rọ̀ náà kò dẹ́ṣẹ̀. Àwọn tó ń lò ó ló sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀.

Èyí tó wá tù mí lára jù ni pé ìjìyà náà ti pẹ́ ju ọ̀rọ̀ náà lọ nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, àwọn òyìnbó fúnra wọn ló sì kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Ní ilẹ̀ Jámánì ní bí ọdún 1400 sí 1500, Látìnì nìkan ni akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ sọ. Wọ́n yan àwọn kan láàárín wọn tó ń ta etí sílẹ̀ ní kọ̀rọ̀, tí wọ́n ń kọ orúkọ ẹni tó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ sílẹ̀. Lupus ni wọ́n ń pè wọ́n, ìyẹn ìkookò. Wọ́n tún ní asinus, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ohun ìtìjú tí ẹni tí wọ́n bá mú á máa gbé kiri. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, àwọn ilé-ìwé ìgbà náà ń ṣòfin pé Látìnì ni kí ọmọ máa sọ. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi páálí kọ́ wa lọ́rùn nítorí rẹ̀, òun náà ti jẹ́ fanákúlà rí.

Ní Wales, láàárín ọdún 1800 sí 1900, igi pélébé kan ni wọ́n ń gbé kọ́ ọmọ tó bá sọ èdè Wales lọ́rùn, wọ́n á kọ "WN" sí i, ìyẹn "Welsh Not", ọmọ náà á sì máa wá ẹni tó máa gbé e fún. Ní Brittany ní ilẹ̀ Faransé, bàtà onígi wà lára ohun tí wọ́n ń lò. Ngũgĩ wa Thiong'o, òǹkọ̀wé ọmọ Kíkúyù ní Kẹ́ńyà, sọ pé bọ́tìnì ni wọ́n ń gbé láti ọwọ́ dé ọwọ́ nílé-ìwé tiwọn. Mo jókòó, mo ń wo àwọn nǹkan wọ̀nyí, mo sì ń rántí ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi. Ohun tí mo ti kà sí ìtìjú tèmi nìkan láti kékeré, irinṣẹ́ kan ni tó ti ń ti ìlú kan bọ́ sí ìlú kejì kó tó dé Ìbàdàn.

Báwo ló ṣe dé ọ̀dọ̀ wa? Kì í ṣe gbogbo òyìnbó ló kórìíra èdè wa. Ọdún 1844 ni Samuel Àjàyí Crowther fi Yorùbá wàásù ní Freetown, Yorùbá sì ni Henry Townsend, òyìnbó ajíhìnrere, fi bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta ní 1859. Ṣùgbọ́n òfin ẹ̀kọ́ tí ìjọba amúnisìn ṣe ní 1882 gbé owó ìrànwọ́ lé orí Gẹ̀ẹ́sì, kò ka èdè ìbílẹ̀ sí. Nígbà tó di 1925, ìjọba náà tún kọ ọ́ sílẹ̀ ní London pé ó ṣe pàtàkì kí wọ́n lo èdè ìbílẹ̀ láti fi kọ́ni, vernacular sì ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò. Nínú ìwé ìjọba, irinṣẹ́ ìkọ́ni ni. Nínú kíláàsì wa, ó di ẹgba.

Kò sì sí pé a kò mọ̀ nígbà tí mo wà nílé-ìwé. Ní ọdún 1970, Fásitì Ifẹ̀, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì fún wọn ní tíṣà tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú láti kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ wọn bọ́ sórí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún kẹta bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Àwọn tó fi Yorùbá kàwé títí dé òpin kò rẹlẹ̀ nínú iṣẹ́ wọn, Gẹ̀ẹ́sì wọn gan-an kò sì bàjẹ́. Modákẹ́kẹ́ kò jìnnà sí Ìbàdàn. Ó ń dùn mí tí mo bá rántí pé àwọn ọmọ kan ń fi Yorùbá ṣe ìṣirò níbẹ̀, tí àwa sì tún wá ń tẹ ara wa lẹ́sẹ̀ lẹ́yìn wọn.

Bí mo ṣe gba èdè mi padà nìyí, fún ẹni tó bá wà níbi tí mo wà. Ìwé gírámà kọ́ ni mo fi bẹ̀rẹ̀, mo gbìyànjú rẹ̀, ó sú mi. Kíkà sókè ló ṣiṣẹ́. Mo ń ka Bíbélì Yorùbá sí ìyá mi létí lórí fóònù, ó sì ń dá mi dúró níbi tí ohùn mi bá ti ṣì. Mo fi dò, re, mí kọ́ àmì ohùn, orúkọ àwọn ará ilé wa ni mo fi bẹ̀rẹ̀ nítorí mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń dún. Ní wọ́ọ̀dù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀ aláìsàn sílẹ̀ gan-an bó ṣe sọ ọ́, "ìhà ń gún mi," kí n tó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́wọ̀ọ́ rìn pẹ̀lú rẹ̀. Ìyẹn ló kọ́ mi jù. Àwọn dókítà tó jẹ́ Yorùbá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè fún fáìlì mi. Ojú máa ń ti èèyàn níbẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọdé á máa fi ohùn yín ṣeré. Ẹ má dákẹ́.

Nígbà tí mo bí ọmọ tèmi, Èkó ni a ń gbé. Yorùbá là ń sọ nílé. Kò pẹ́ tó wọlé-ìwé ni ìwé dé láti ọ̀dọ̀ wọn: kí àwọn òbí jọ̀ọ́ má sọ fanákúlà sí ọmọ nílé mọ́, owó ìtanràn sì wà fún ọmọ tó bá sọ ọ́ ní kíláàsì. Ọkàn mi gbóná. Ọkọ mi ní kí n sún un di ọjọ́ kejì, ó dára pé mo gbọ́ tirẹ̀. Mo lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé, mo kí i dáadáa, mo ní, "Mà, mo fẹ́ kí ọmọ mi gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì bí ẹ̀yin náà ṣe fẹ́. Ìjìyà nìkan ni mo bá wá." Mo ti tẹ òfin ìpínlẹ̀ Èkó tí Gómìnà Ambode buwọ́ lù ní oṣù Kejì ọdún 2018 sórí bébà. Òfin náà ní kí gbogbo ilé-ìwé, ti ìjọba àti ti aládàáni, máa kọ́ Yorùbá. Ọ̀gá náà kò tíì rí i rí. Mo wá sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ omi àti páálí fún un. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní nílé-ìwé tiwọn, ìkarahun ìgbín ni wọ́n ń so kọ́rùn.

Wọ́n yọ owó ìtanràn kúrò. Gẹ̀ẹ́sì ṣì ni ti inú kíláàsì, ṣùgbọ́n lákòókò ìsinmi, ọmọ lè sọ èyí tó bá wá sí i lẹ́nu. Tíṣà Yorùbá kúrò ní wákàtí ìkẹyìn ọjọ́ Ẹtì, ó bọ́ sí òwúrọ̀. Kò parí o. Tíṣà kan ṣì wà tó ń jágbe mọ́ wọn, mo sì tún ń lọ.

Ohun kan tún wà tí ẹ máa bá pàdé nísinsìnyí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, ní wọ́n ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n fi máa kọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé fásitì. Kò tẹ́ mi lọ́rùn, mo sì ti sọ ohun tí Modákẹ́kẹ́ fi hàn. Ṣùgbọ́n èdè tí tíṣà máa fi kọ́ni ni ìkéde yẹn ń sọ. Kò ní kí wọ́n na ọmọ tó sọ Yorùbá sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò sì ní kí wọ́n gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Tí ilé-ìwé bá gbé ìkéde náà síwájú yín, ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn, ẹ kà á tán, kí ẹ wá ní kí wọ́n tọ́ka sí ibi tí wọ́n kọ ìjìyà sí nínú rẹ̀.